Ìwé Wákàtí Àǹtí Mi

Òórùn ìwé tó ti mumi yó, tí a sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tí màmá wa ń yan ní Àjídò, kò tíì kúrò ní imú mi. Ìwé Àǹtí mi ni. Hẹlikọ́pítà ló ń wà, tó fi ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ epo lọ sójú òkun, inú ìwé yẹn ló sì ń kọ gbogbo wákàtí tó bá lò lófuurufú sí. Wákàtí yẹn ni wọ́n máa wò kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di ọ̀gá awakọ̀. Ó wá kí wa nígbà òjò, ọkọ̀ tó gbé e kọjá ọ̀sà gbomi, báàgì rẹ̀ sì rì. Nígbà tí a fi máa yọ ọ́ jáde, gbogbo ohun tó fi bírò kọ ti ṣàn pọ̀ mọ́ra. Ilé iṣẹ́ tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ sì ti kógbá wọlé, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí sí wákàtí ọdún méjì. Àǹtí sunkún, ó nujú, ó ní, “Màá tún gbogbo wákàtí yẹn fò.”

Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù fóònù ní Badagry dáhùn kíá pé, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Àǹtí. Màá ṣe ìwé tí omi ò lè bàjẹ́ fún yín.”

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe rèé: àwọ̀ méje, àwòrán bàálù tó ń fò kọjá nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí i, àti àpótí tí wọ́n máa kọ nǹkan sí lọ bẹẹrẹ. Mo kọ orúkọ mi gàdàgbà sí ìsàlẹ̀. Àǹtí ń lò ó pẹ̀lú sùúrù. Lọ́jọ́ kan, ó kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ lójú òkun níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, áàpù náà ń yí títí láìfi í pamọ́, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sì pòórá. Ó gbé fóònù síwájú mi. “Tí kì í bá ṣe pé mo ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé, ìwọ ni ì bá tún dá mi padà sẹ́yìn.” Kò pariwo. Ì bá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò ti ara mi mọ́lé ṣiṣẹ́. Mo tẹ̀ lé Àǹtí lọ síbi tí àwọn awakọ̀ ti ń sinmi, mo sì ń wò wọ́n. Ó ti rẹ̀ wọ́n, ọwọ́ wọn ń làágùn, oòrùn ń ta wọ́n lójú. Wọ́n kàn fẹ́ kọ irú ọkọ̀ tí wọ́n wà, ibi tí wọ́n lọ, ìgbà tí wọ́n gbéra àti ìgbà tí wọ́n balẹ̀ ni. Ìṣirò tó kù, kí fóònù ṣe é. Mo wá jẹ́ kó máa tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú ara rẹ̀ títí wọ́n á fi rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo gbé e lọ sétí òkun lọ́sàn-án gangan, mo fi ọwọ́ tó rin fún omi tẹ̀ ẹ́. Mo tún gbé e fún màmá wa, tí èdè Ègùn jẹ́ èdè àbínibí wọn, tí wọn kò sì mọ̀wé kà.

“Ẹ tẹ ibi tó fi hàn pé ọkọ̀ ti gbéra, Màámi.”

Wọ́n wò ó, wọ́n wá a kiri. “Ọmọ mi, tó bá jẹ́ pé mo ní láti wá a, kò tíì dáa.”

Mo padà sídìí iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ láìbi mí ní nǹkan kan ni mo tó pe Àǹtí.

Ó lé ní ọdún méjì kí wákàtí yẹn tó pé. Lọ́jọ́ tí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú yẹ àkọsílẹ̀ Àǹtí wò, wọ́n fi wé ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú kan kò yàtọ̀. Ó pè mí láti ibẹ̀. “Wọ́n ti fọwọ́ sí i,” ni gbogbo ohun tó rí sọ, ẹkún ló kù tí mò ń gbọ́.

Ní báyìí, àwọn awakọ̀ tí n kò mọ̀ rí ń lò ó. Wọn kì í sábà kọ̀wé sí mi láti yìn mí. Wọ́n á tẹ ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, wọ́n á ki fóònù bọ àpò, wọ́n á lọ sílé lọ jẹun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ì bá dùn mí wọra. Òun gan-an ni mò ń ṣiṣẹ́ fún báyìí.