Báàgì Tó Mọ́ Gaara

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í ra nǹkan kan láì gbé e sókè sínú ìmọ́lẹ̀. Bó ṣe ń yẹ aṣọ tó ń tà ní ọjà Kaneshie wò nìyẹn. Á ní, "Ojú mi kì í parọ́ fún mi."

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bímọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó sì ń múra láti lọ wo ọmọ náà, a jọ lọ sí ọjà Okaishie láti ra báàgì rọ́bà tí a ń rí inú rẹ̀, èyí tí èèyàn ń kó ìpara àti oògùn olómi sí bó bá fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó gbé ọ̀kan sókè.

"Èyí ò mọ́. Kùrukùru bò ó."

Ó gbé òmíràn. "Èyí náà ńkọ́?"

Ọmọbìnrin tó ń tajà rẹ́rìn-ín. "Maame, gbogbo ẹ̀ ló mọ́ gaara."

Òótọ́ ló sọ. Láti òdìkejì báàgì náà, mo rí ojú ẹ̀gbọ́n ìyá mi ketekete, bó ṣe ń ṣẹ́jú. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Màámi, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Kí ààwẹ̀ tó dé ni ojú mi ti ń ṣú." Ó di ọwọ́ mi mú. "Má tíì sọ fún ọmọ mi, wọn á ní kí n má wá mọ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ọmọ náà."