Ìlà Òkúta Lórí Àpáta Ìjúrìn

Ìfura loògùn àgbà, èmi sì lo oògùn náà ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí àwa ará Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ọmọ mi obìnrin mú ọkùnrin kan wá sílé wa ní Ìjúrìn, ó ní ẹni tí òun máa fẹ́ nìyẹn. Ayafọ́tò ni, ará Ìkìrun, ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjerò. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Kì í ṣe pé mò ń rò ó rárá. Mò ń ṣọ́ ọ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó ní òun fẹ́ wo àpáta ńlá ẹ̀yìn ìlú wa, kí òun sì ya èmi àti ọmọ mi ní fọ́tò níbẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ta ní ń gun àpáta lásán? Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀, bí a kò bá ní nǹkan tí a fẹ́ sá sóòrùn, a kì í gùn ún. Ní Ìjerò lọ́hùn-ún, báyìí ni àwọn awakùsà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀: wọn á ní àwọn kàn wá wòran ni, kí wọ́n tó gba ilẹ̀ onílẹ̀. Mo gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ tí mo ti rẹ sórí, mo tẹ̀lé wọn, kó má baà dà bí ẹni pé mò ń ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Lókè, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Oko kòkó àti òrùlé páànù ìlú wa tẹ́ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ọkùnrin náà ń wò ó, ó ń ní ó dára, ó dára. Èmi ń wo ojú rẹ̀.

Orí àpáta yìí ni gbogbo ilé ti ń sá ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe láfún. Ìlà òkúta wẹ́wẹ́ ni a fi pín in. Ilé kọ̀ọ̀kan mọ tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kan ìlà. Èmi àti opó kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì la pààlà. Opó náà ti lọ sí Àrámọkọ, ó lọ wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mò ń da ẹ̀gẹ́ mi sílẹ̀. Kí n tó gbójú sókè, ọkùnrin yìí ti kó ìlà àárín wa dà sápá kan. Ó ní àwọn òkúta náà ń ba fọ́tò jẹ́.

"Olè!" Mo figbe ta. "Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ látàárọ̀!"

Ọmọ mi sáré ṣàlàyé fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àpáta gbígbóná. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ ni."

Àlejò lójú, kò fi ríran, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èmi ti pinnu: kò ní fẹ́ ọmọ mi.

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta padà. Ibi tó tò ó sí wọ inú ilẹ̀ opó náà ní ìṣísẹ̀ méjì gbáko. Ó yíjú sí mi. "Ṣé bó ṣe wà nìyí, mà?"

Mo wo ìlà náà. Mo wo ẹ̀gẹ́ mi tí kì í rí àyè tó.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi wò mí. Láti kékeré ló ti ń bá mi sá ẹ̀gẹ́ níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń dá òkúta náà padà sáyè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà wò ó, ó wò mí, ó yé e. Ojú tì mí débi pé n kò lè dìde. Mò ń retí kí ó dá orúkọ tí mo pè é padà fún mi.

"Àṣìṣe tèmi ni," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a gbé e.

"Yèyé, ẹ dìde," ọmọ mi ní. "Ẹ jẹ́ á ya fọ́tò yìí, ká rulé."

Mo gbà kí wọ́n fẹ́ra. Ẹnu wo ni mo tún fẹ́ fi kọ̀? Fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ mi dòní: ọmọ mi nàró, ìlà òkúta wà níwájú wa, èmi ń wolẹ̀. Bí àlejò bá bi mí ìdí tí n kò fi wo kámẹ́rà, mo máa ń ní oòrùn ni.