Bàbá Tí Kò Bẹ́ Sílẹ̀ Nínú Bàálù

Ọṣẹ ṣì ń ho lórí bàbá náà nígbà tí wọ́n sáré jáde láti balùwẹ̀, táwẹ̀lì ní ìbàdí, ojú lókè. Bàálù kan ń kọjá lójú ọ̀run Ìwó.

"Ẹ́ńjìnnì méjì!" ni wọ́n pariwo. "Ìlọrin ló ń lọ!"

Màámi tó ń yan ẹ̀pà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ ṣan ọṣẹ, ẹ jọ̀ọ́!"

Aládùúgbò wa ni bàbá yìí. Bàálù ológun ni wọ́n ń wà kí wọ́n tó padà wá sílé baba wọn. Ọwọ́ wọn méjèèjì ti jóná rí, ìka wọn kì í ká tán, nítorí náà èmi ni mo máa ń lọ bá wọn dé bọ́tìnnì láràárọ̀. Yàrá wọn á máa ta sánsán òrí àti tíì gbígbóná. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, wọ́n á ní, "Ọ̀gá mi ti dé."

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ní kí wọ́n wá bá wa sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fi mẹ́dàlì tí ìjọba fún wọn kọ́ àyà ẹ̀wù wọn. Bàbá ní iná sọ lára bàálù àwọn lókè abúlé kan. Àwọn ọ̀gá wọn sọ lórí rédíò pé kí wọ́n bẹ́ sílẹ̀. Aṣọ tí í gbé awakọ̀ balẹ̀ sì wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n Bàbá rí àwọn ọmọdé lórí pápá nísàlẹ̀, tí wọ́n ń juwọ́. Bàbá ò bẹ́. Iná ń jó wọn lọ́wọ́, wọ́n ń darí bàálù náà títí ó fi kọjá abúlé, tó já gììrì sínú oko bàbà. Ọmọ kankan ò fara pa. Bàbá ò sì wa bàálù mọ́ láéláé.

Ọ̀rẹ́ mi kan nawọ́. "Bàbá, ṣé ẹ̀rù bà yín?"

Tíṣà wa ranjú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Bàbá ní, "Ẹ̀rù kẹ̀? Mo tọ̀ sí ṣòkòtò!"

A bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ìwé bo ẹnu. Bàbá dúró kí a rẹ́rìn-ín tán. "Mo tọ̀ sí ṣòkòtò, mo sì ń wà á lọ."

Bí a ṣe ń padà sílé, mo bi wọ́n bóyá fífò ṣì ń wù wọ́n.

"Lójoojúmọ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn náà ti ń bímọ báyìí."

Bàbá ti di olóògbé. Agbẹ̀bí ni mí lónìí, nílé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Kuta. Bí ọmọ bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ jáde, tí dókítà ò sì tíì dé, ẹ̀rù á máa bà mí. N kì í fi pa mọ́ fún ìyá ọmọ. Màá ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ó yá, ẹ jẹ́ ká jọ gbé e jáde."