Ewé tí Baba Gbìn sí Ìdí Èmí

Mo kórìíra òórùn àgàtù. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn dídùn ni mo fẹ́ sọ. Láàárọ̀ àná, Módẹ́ẹ̀sì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, gbé ìgò oyin kan wá fún mi láti Paouignan, níbi tó ti ń tà á fáwọn èrò ọkọ̀ létí títì. Bí mo ṣe ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, òórùn ewé náà ló kọ́kọ́ gbá mi nímú. “Tantí, ẹ tọ́ ọ wò, ó dùn,” lọmọ wí. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn lóòótọ́. Ohun tó bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí mọ àgàtù ju orúkọ baba ńlá yín lọ. Òun ni igbó tó bo gbogbo ẹsẹ̀ òkè wa, tí òdòdó rẹ̀ máa ń funfun kalẹ̀ bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ẹ máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ bí àdá bá ṣá yín lẹ́sẹ̀. Ẹ rò pé Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀. Irọ́ ni o! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ẹyọ kan lórí òkè wa. Igi èmí, tá a ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ló wà níbẹ̀.

Ilé wa wà níhà Tré, ní Ìdáàṣà, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa jókòó nínú àgbàlá. Bí ọyẹ́ bá ń mú, tí ètè wa ń là, tí ìyá wa ń fi òrí pa wá lára títí a ó fi máa dán yinrin, ìgbà náà ni èmí máa ń tanná. Láti ìsàlẹ̀ la ti máa ń gbọ́ kòkòrò oyin lórí igi. Omi òdòdó èmí kò pọ̀, ìwọ̀nba ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn ni wọ́n ń jí wá lá láti ìdájí, tí wọ́n sì fi ń ṣe oyin dúdú kan tó ki, tó máa ń korò díẹ̀ lẹ́yìn ahọ́n. Ẹni tó bá ti lá a rí kò ní ṣì í mọ̀ láéláé.

Nínú agbo ilé wa, bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin, baba rẹ̀ á fún un ní igi èmí kan, á so ìkòkò mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ kí oyin lè wọ̀ ọ́. Lọ́dọọdún wọ́n á yọ díẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi èyí tó pọ̀ sílẹ̀. Ọdún tí ọmọ náà bá ń lọ ilé ọkọ nìkan ni wọ́n máa ń yọ afárá rẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ á sì gbé e fún ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ á tọ́ ọ wò lójú gbogbo èèyàn. Bó bá ti lè mi orí, ó parí, ìyàwó ti di ọmọ ilé. Wọn kì í ra oyin yẹn, wọn kì í sì í yá a. Igi tèmi kéré, ìkòkò orí rẹ̀ sì wọ́, àwọn àbúrò mi a máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkọ tí yóò fẹ́ mi á wọ́ bákan náà. Ó kúkú wọ́ lóòótọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Igi Tẹrẹ́sà, ẹ̀gbọ́n mi tí gbogbo wa ń pè ní Dáàdá, ìyá Módẹ́ẹ̀sì yìí, ló tóbi jù. Baba fẹ́ràn Dáàdá, kò sì fi bò. Nígbà tí àwọn ará Akofodjoulè wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn, Baba búra pé oyin tí yóò gbé lọ á pọ̀ débi pé wọn ó máa fi ṣe àpèjúwe. Ibi tó ti lọ kí àwọn àna náà ló ti rí àgàtù létí oko, tí kòkòrò oyin bò ó pitimu. Ó padà dé, ó ń pariwo: “Ẹ wá wò ó! Ewé tí oyin ń jà sí!” Ó ti hú apẹ̀rẹ̀ kan wá, ó sì gbìn ín yí ìdí èmí Dáàdá ká. Omi ni wọ́n ń pọn bu sí i. Àgàtù, wọ́n ń bomi rin ín! Àwọn aládùúgbò tilẹ̀ gbé adìyẹ wá láti fi tọrọ nínú rẹ̀.

Nígbà tí àgàtù náà tanná, ìkòkò kún, Baba ń yan fanda kiri. Ìyá wa nìkan ni kò bá wọn yọ̀. Obìnrin ló ń ṣa èso èmí, òun ló sì kọ́kọ́ mọ̀. Ó dúró lábẹ́ igi, ó gbójú sókè.

“Baba Tẹrẹ́sà, ẹ gbọ́ ná. Òdòdó èmí ń já bọ́ lásán. Kòkòrò kankan ò débẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọ́n wà.”

“Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ṣebí oyin là ń wá!”

Ìyá wa gbé agbọ̀n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́dún yẹn èso èmí ò kún agbọ̀n, òrí ọjà la sì fi para.

Iná ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó ń dọdẹ òkété a máa finá sí koríko. Koríko kúkurú ni, iná á sáré kọjá, èèpo èmí tó nípọn á gbà á mọ́ra. Ti àgàtù yàtọ̀. Bó bá gbẹ, bí ẹni da epo síná ni, ó sì ti ga dé ẹ̀ka nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ yọ oyin Dáàdá gan-an ni iná gba ẹsẹ̀ òkè lọ́sàn-án gangan. Ó gun àgàtù, ó gba ibẹ̀ gun igi. Dáàdá fẹ́ sáré lọ, Baba dì í mú. A wà nínú àgbàlá nígbà tá a gbọ́ tí ìkòkò oyin rẹ̀ là.

Ìgbéyàwó ò ṣeé dá dúró. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Baba lọ ra oyin lọ́jà Ìdáàṣà. Ìyá ọkọ fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó wo Dáàdá lójú, ó ní, “Oyin ọjà.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò lé e, wọn ò nà án. Wọ́n kàn fi sọ ọ́ lórúkọ ni. Ìyàwó Oyin Ọjà! Títí irun rẹ̀ fi funfun, ohun tí wọ́n ń pè é nìyẹn, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ò tilẹ̀ mọ̀ pé èébú ni. Òun náà á jẹ́ ẹ, á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn máa ń dùn mí ju ẹkún lọ.

Baba gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ru iṣu lọ kí i nígbà tó bímọ, ó sì gbọ́ tí ìyàwó ilé kan ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Ó sọ iṣu kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé, ó yí padà. Láti ọjọ́ náà ló ti ń hú àgàtù. Ó ń fọwọ́ hú u, ó ń fọkọ́ wú gbòǹgbò rẹ̀. Bó bá hú ti ìhín, afẹ́fẹ́ á gbé irúgbìn tọ̀hún wá, torí àwọn tó gbádìyẹ wá lọ́jọ́sí ti gbìn ín kárí. Wọ́n ń fi í ṣẹlẹ́yà. Ọjọ́ tó kú, èmi ni mo fọ oje ewé náà kúrò léèékánná rẹ̀.

Módẹ́ẹ̀sì kàwé nípa iṣẹ́ oko. Ó ní níbi tí ewé náà ti wá, lókè òkun, kì í ya ewèlè báyìí. Kòkòrò ibẹ̀ ń jẹ ẹ́ léwé, àwọn oyin ibẹ̀ sì ní òdòdó mìíràn tí wọ́n ń lá. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ráyè. Mo ní ó ṣeun, ẹ̀pa ò bóró mọ́. N kò lè ní kó má ta oyin rẹ̀, òun ló fi ń bọ́ ọmọ. Dáàdá ò sọ ibi tí orúkọ Ìyàwó Oyin Ọjà ti wá fún un títí ó fi kú. Bí Módẹ́ẹ̀sì bá ka èyí, ó ti mọ̀ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ń so ìkòkò mọ́gi fún ọmọbìnrin mọ́. Fírígò tó ń mú omi tutù ni ìyàwó ń gbé lọ sílé ọkọ. Àárín àpáta, níbi tí iná ò dé, ni ìwọ̀nba èmí tó kù wà. Baba mi gbin òwú, ó gbin ọsàn, ó gbin máńgòrò yí ilé ká. Òmíràn kú, wọ́n gé òmíràn. Nínú gbogbo ohun tí baba mi fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn láyé, èyí tó fẹ́ kó kú nìkan ló ṣì ń hù.