Ẹ̀wù Òjò Nínú Fọ́tò Ìdágbére

"Ọmọ tí a bá rí yíǹkì lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdágbére kò ní gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere."

Ìkìlọ̀ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa tún ṣe fún àwa òbí nínú ìpàdé tó kọjá nìyẹn. Àwọn tó jókòó nítòsí mi ń mi orí pé ó dáa. Èmi ò mi tèmi. Ọmọkùnrin mi ló ń jáde lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń jáde, mo sì mọ ibi tó gbé mi dé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Inú oko ni ilé ẹ̀kọ́ wa wà, téèyàn bá kọjá Moniya tó ń lọ sápá Ìjàyè. Ẹ̀gẹ́ ló yí i ká lọ́nà mẹ́ta, ojú ọ̀nà ọkadà sì ni ìkẹrin. Méje péré ló kù ní kíláàsì ọmọbìnrin mi yìí nígbà tí wọ́n dé ọdún tó gbẹ̀yìn. Ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olóyè, oyè ibẹ̀ sì jẹ́ méje, nítorí náà gbogbo wọn ló joyè. Olórí àwọn ọkùnrin ní ọkùnrin méjì tó ń darí. Ọ̀kan ń ṣe olóyè oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà kì í se oúnjẹ. Ọmọ tèmi ni olóyè ilé ìkàwé. Kọ́bọ́ọ̀dù kan ni ilé ìkàwé ọ̀hún, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti sọnù kí ọmọ mi tó gorí oyè. Síbẹ̀, ó máa ń dúró tì í lójoojúmọ́ ní àkókò ìsinmi, kí ẹnikẹ́ni má baà pariwo níbẹ̀.

Ẹ mọ àṣà tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ń dá tí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tó kẹ́yìn tán. Máákà ni wọ́n ń yọ, wọn a sì máa kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìdágbére sára aṣọ ara wọn títí ẹ̀wù funfun á fi dà bí ògiri ibùdókọ̀. Òun ni ọ̀gá fi òfin dè. Ìwé ẹ̀rí yẹn gan-an ni èmi sì ń wá. Obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù òògùn ní Moniya ti gbà láti mú ọmọ mi síṣẹ́, ó ní kó mú ìwé ẹ̀rí ìwà rere wá lọ́jọ́ Ajé. Bí kò bá rí i, ó ní ẹlòmíì wà nílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ni ìdágbére bọ́ sí. Ọ̀gá tún ní kí àwa òbí wọ funfun wá nítorí fọ́tò.

Mo ro ó lọ, mo ro ó bọ̀. Bí n bá jẹ́ kí ọmọ yìí fi ẹ̀wù funfun wọ àárín àwọn mẹ́fà tó ní máákà lápò, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo yọ ẹ̀wù òjò rẹ̀ jáde, èyí tó ní fìlà lára. Mo wọ̀ ọ́ fún un lórí aṣọ ilé ẹ̀kọ́, mo de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Mọ́mì, òjò ò rọ̀."

"Ó lè rọ̀."

"Níbo?"

"Má bá mi jiyàn. Máákà ò lè mú lára rọ́bà."

Èmi náà wọ búbá àti ìró funfun, mo tẹ̀lé e. Oòrùn ń ta wá lórí. Ọlọ́kadà tó gbé wa ń wojú ọ̀run bó ṣe ń lọ. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan ni? Mo sá láfún síta o."

Lẹ́yìn ìdánwò, ọ̀rọ̀ ìdágbére ló kàn. Olóyè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á sọ, mẹ́fà á gbọ́, wọ́n á tún pààrọ̀. Olóyè oúnjẹ dúpẹ́ pé ní gbogbo àkókò òun, ẹnikẹ́ni kò fi ẹjọ́ ọbẹ̀ sùn. Ọmọ mi jábọ̀ pé ìwé kankan kò sọnù nínú ilé ìkàwé. Òógùn ń kán tó, tó, tó láti etí fìlà ẹ̀wù òjò rẹ̀.

Ọ̀gá wọ ọ́fíìsì lọ láti fọwọ́ sí àwọn ìwé ẹ̀rí. Àwọn òbí yòókù kò tíì dé. Èmi nìkan ni mo dúró sáàárín àwọn ọmọ bí ọlọ́dẹ. Ọmọ mi wá bá mi, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Mọ́mì, èyí tó ń lọ Àbújá, ọ̀la ló ń lọ. Èyí tó ń lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìyànà Ọ̀fà, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ẹ̀ ló máa máa gbé. Kí ni mo máa fi rántí wọn?"

"Jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ."

"Ìwé wo? Ṣé ẹ ò ti fi gbogbo ìwé mi pọ́n ẹ̀pà?"

Òótọ́ ni. Ẹ̀pà sísun ni mo ń tà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo lo Bàọ́lọ́jì rẹ̀ tán.

Olórí àwọn ọkùnrin sún mọ́ mi, ó tẹrí ba. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ọ̀gá ní ká má kọ nǹkan sí?"

"Aṣọ ilé ẹ̀kọ́."

"Èyí tí ẹ wọ̀ yìí ńkọ́? Ṣé aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ni?"

Mo wo ara mi. Mo tún ìkìlọ̀ náà sọ nínú ọkàn mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo wá ibi tó ti kan aṣọ òbí. Mi ò rí i.

"Ẹ̀yìn nìkan," mo ní. "Ẹ má dé iwájú."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Máákà bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mọ́mì, ẹ dúró dáadáa, ẹ ń mì."

"Ó ń yún mi ni."

"Sún, jàre! O ti gba gbogbo èjìká. Ṣé ìwọ nìkan lò ń lọ ni?"

"Èmi ni olórí."

"Olórí ta ni? A ti jáde!"

Ọmọ mi ló kọ tiẹ̀ kẹ́yìn, nísàlẹ̀ ọrùn mi. Bó ṣe ń kọ ọ́ tán ni ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ṣí. Gbogbo máákà pòórá. Èmi nìkan ni mi ò ríbi pòórá sí. Ọ̀gá wo àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí àbàwọ́n kankan lára wọn. Lẹ́yìn náà ló rí mi. Ó rìn yí mi ká, ó ń kà.

"Mà, kí lèyí?"

"Ìdágbére ni, sà."

"Ta ló kọ 'Ọ̀gá, ẹ dín pàṣán kù' síbí?"

"Mi ò lójú lẹ́yìn, sà."

Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wúkọ́. Ọ̀gá fi àwọn ìwé ẹ̀rí ọwọ́ rẹ̀ há abíyá. Ó wá ní, "Òbí ló ń gba ìwé ẹ̀rí ìwà rere fún ọmọ níbí. Mi ò lè gbé e fún ẹni tí wọ́n kọ irú èyí sí lẹ́yìn. Ẹ lọ pààrọ̀ aṣọ."

Bí mo bá lọ sílé, kí n tó padà dé, wọ́n á ti ti ọ́fíìsì, ọjọ́ Ajé sì ni obìnrin olóògùn ń retí wa. Mo sáré wọ ilé ìyàgbẹ́, mo yí búbá padà, inú rẹ̀ di òde. Yíǹkì ti là á já. Gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀. Kìkì pé wọ́n ti kọjú sódìkejì ni.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ mi wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù òjò rẹ̀ láti ọrùn. Ó bọ́ ọ, ó wọ̀ ọ́ fún mi, ó de gbogbo bọ́tìnnì padà, ó sì fa fìlà rẹ̀ bò mí lórí.

"Mọ́mì, òjò lè rọ̀."

Ẹ̀wù òjò yẹn ni mo wọ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀gá ní, "Ó dáa báyìí." Lẹ́yìn náà ni àwọn òbí yòókù dé, tí a ya fọ́tò. Ó wà lára ògiri ọ́fíìsì náà títí dòní. Akẹ́kọ̀ọ́ méje ló wà níbẹ̀, gbogbo òbí sì wọ funfun, àfi ẹnì kan tó ti múra sílẹ̀ de òjò, tí oòrùn sì mú kó dijú. Bàbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti yọ́ sún díẹ̀.

Ìgbà tí mo délé ni mo tó bọ́ búbá náà, tí mo tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, tí mo rí ohun tí ọmọ mi kọ. "Ẹ jẹ́ kí n máa mí díẹ̀, Mọ́mì. Ẹ ṣé." Mi ò fọ búbá náà, mo ká a fún un. Lọ́jọ́ Ajé, mo sìn ín dé ibi tí ọkadà wà, mo fún un ní ìwé ẹ̀rí rẹ̀, mo sì padà. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ló ṣì wà. Ó ti gba yàrá sí Moniya báyìí, ó sì gbé búbá mi kọ́ sára ògiri rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń jáde lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú aṣọ funfun kan tí ẹ kò ní wọ̀ mọ́ dání. Ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì, kí àwọn ọmọ kọ ọ̀rọ̀ wọn sí i. Kí ẹ sì fi ẹ̀wù òjò sílé.