Aṣọ Funfun Ọwọ́ Garawá

Bí ẹ bá wọ Agbowó lọ́dún 1984, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó gbọ́ ìró màṣíìnì Ọláṣùmbọ̀. Sùtánà ni obìnrin náà ń rán. Kì í rán ìró òun bùbá, kì í rán ṣòkòtò ọmọ ilé ìwé. Bí ẹ bá gbé àǹkárá wá, á júwe ilé télọ̀ mìíràn fún yín tẹ̀rín-tẹ̀rín. Aṣọ àdúrà ni ó mọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé bó bá wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ ọ̀pá tí yóò gbà. Ọmọ Ṣakí ni. Ọkọ rẹ̀, Àkànó, ń wa bọ́ọ̀sì láti Mọ́níyà sí Dùgbẹ̀, wọ́n sì ń gbé yàrá méjì tó kọjú sí ẹ̀rọ omi àdúgbò. Ó máa ń sọ pé ohun méjì ni òun ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: kí màṣíìnì má bàjẹ́, kí ọkọ òun sì máa padà délé láyọ̀. Ọlọ́run ń ṣe méjèèjì fún un, kò sì bá ẹnikẹ́ni du ohunkóhun mìíràn.

Ẹ̀rọ omi yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí àwọn sójà tó gbàjọba, ẹ̀rọ olóṣèlú ni. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ògúntúndé, alága ẹgbẹ́ òṣèlú ládùúgbò, ló ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì kiri, bí ẹni pé kọ́kọ́rọ́ ọ̀run ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pọn omi á kọ́kọ́ fi káàdì ẹgbẹ́ hàn. Ẹni tí kò bá ní káàdì, kó gbọ̀nà odò lọ. Àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà tí Ọláṣùmbọ̀ ń lọ kò gba káàdì, nítorí Wòlíì Adéróunmú, olórí ìjọ náà, sọ fún wọn pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ tìtorí omi ta ẹ̀rí ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í kún garawá. Odindi ọdún kan àbọ̀ ni Ọláṣùmbọ̀ fi ń ru omi láti ọ̀nà jíjìn. Ọrùn ń dùn ún, inú ń bí i, nígbà mìíràn á tilẹ̀ sunkún díẹ̀ kó tó délé.

Nígbà tí ìjọba olóṣèlú dojú dé, Ògúntúndé fúnra rẹ̀ ló lọ ju kọ́kọ́rọ́ náà sílẹ̀ níwájú àwọn onílé, ó sì lọ fara pamọ́ sí ìlú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Àwọn onílé ṣèpàdé lórí ẹni tí wọn yóò gbé e fún. Gbogbo ẹnu kò sórí Ọláṣùmbọ̀. Ojú kan ló ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, kì í purọ́, kì í sì í wá ìjà. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó fi òwú kọ́ ọ sọ́rùn, ó sì ṣe òfin méjì péré. Ó ní òkúta kò gbọdọ̀ gba àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́, garawá gan-an ni kí èèyàn tò. Ó tún ní bí omi bá lọ lójijì, kí kálukú fi garawá rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó wà, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Inú àwọn èèyàn dùn sí i. Àwọn kan tilẹ̀ ń wí pé bí wọ́n bá gbé Nàìjíríà fún Ọláṣùmbọ̀ mú dání fún ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo nǹkan á tò.

Àkànó á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò rántí fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lánàá lẹ fẹ́ gbé Nàìjíríà fún?"

Ẹ wá gbọ́ bí àṣìṣe ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, garawá méjìlá ni ìjọ máa ń tò sídìí ẹ̀rọ fún omi àdúrà. Garawá onírin gbogbo ló jọra, àwọn èèyàn a sì máa ṣì í gbé. Ọláṣùmbọ̀ bá mú nínú àgékù sùtánà tó wà nílẹ̀, ó ya á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó mọ́ ọwọ́ garawá ìjọ kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa a máa bẹ̀rù ohun funfun. Ẹni tó bá ti rí i á ní omi Ọlọ́run nìyẹn, á sì fa garawá tirẹ̀ sẹ́yìn. Kò pẹ́ tí garawá ìjọ fi di ará iwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Ìyá ìjọ kan wá bẹ Ọláṣùmbọ̀ pé kó fún òun ní ọ̀kan fún garawá ilé òun, ẹsẹ̀ ń ro òun. Ó fún un. Òmíràn ní ara ọmọ òun kò yá. Ó fún un. Ṣé aṣọ tí yóò gbá dànù náà ni yóò máa ṣahun rẹ̀ ni? Kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, ó lé ní ọgbọ̀n garawá tó ní aṣọ funfun lọ́wọ́, ọmọ ìjọ ló sì ni gbogbo wọn. Ọláṣùmbọ̀ ń wò wọ́n lójoojúmọ́, ó ń rò pé oore ni òun ń ṣe.

Ìyá àgbàlagbà kan wà nílé kẹta sí tirẹ̀. Zùwáírátù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Ìṣẹ́yìn ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Mùsùlùmí ni wọ́n, ẹ̀pà sísun ni wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Garawá kan àti búta àlùwàlá kan ni wọ́n máa ń gbé wá sídìí ẹ̀rọ. Nígbà ayé Ògúntúndé, àwọn náà kò ní káàdì. Ọ̀nà odò kan náà ni àwọn àti Ọláṣùmbọ̀ jọ ń rìn, wọ́n á jọ sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi kan náà, Ìyá Ìṣẹ́yìn á sì bu ẹ̀pà sí i lọ́wọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, Ọláṣùmbọ̀ ṣí àgádágodo, ó ń yẹ ìlà wò. Ó rí garawá Ìyá Ìṣẹ́yìn níwájú, láàárín ti ìjọ. Aṣọ funfun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọláṣùmbọ̀ mọ àgékù tirẹ̀ dáadáa, èyí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Aṣọ yìí fẹ́lẹ́, wọ́n sì fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sí i létí.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá."

"Kú àárọ̀, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, mà. Ìyá, ta ló fún yín ní aṣọ ọwọ́ garawá yìí?"

Ìyá náà wolẹ̀. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Èmi ni mo ya á lára ìborùn tí mo fi ń kírun. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí omi ń lọ kó tó kàn mí. Mo béèrè, wọ́n ní ẹni tó bá ní funfun ló ń tètè pọn. Ti Ògúntúndé, mi ò rí gbà. Mo wá ní kí èyí má tún kọjá mi. Ṣebí káàdì tuntun ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Ọláṣùmbọ̀ láyà. Ìyá náà kò bá a jà, wọn kò pẹ̀gàn rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Ojú tì í, ó gba garawá náà, ó pọn ún kún, ó sì bá wọn gbé e délé.

Lọ́jọ́ náà, màṣíìnì kò dún dáadáa ní yàrá rẹ̀. Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin ní kíláàsì Bíbélì, kò sì tíì pé oṣù kan tó kọ́ wọn níbi tí Ọlọ́run ti sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n má ni àlejò lára, torí àwọn náà ti ṣe àlejò rí ní ilẹ̀ Íjíbítì. Lọ́jọ́ yẹn, Ògúntúndé ló fi ṣe Fáráò, àwọn obìnrin sì ṣe àmín títí ohùn fi há. Nísinsìnyí ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó bá kọ́kọ́rọ́ náà níbẹ̀. Ògúntúndé ti lọ tipẹ́, Fáráò ṣì ń ṣiṣẹ́, àgékù aṣọ òun ló sì fi ń ṣe é.

Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe. Ó sì mọ ohun tó lè gbà lọ́wọ́ òun. Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Wòlíì ti kó aṣọ ọgọ́ta sùtánà ẹgbẹ́ akọrin wá fún un, iṣẹ́ yẹn ni ó sì gbójú lé lọ́dún yẹn. Wòlíì kì í ṣe ẹni ibi, àmọ́ kò fẹ́ràn kí èèyàn fọwọ́ kan nǹkan ìjọ láìgbàṣẹ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó ti Dùgbẹ̀ dé.

"Ìwọ lo máa ń sọ pé àwọn olóṣèlú kò bẹ̀rù Ọlọ́run," ni Àkànó wí. "Ìwọ ńkọ́, ta lò ń bẹ̀rù? Bí iṣẹ́ bá sì bọ́, wá máa gba owó ọkọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì mi. O lóhùn tí wọ́n ó gbọ́ délé ẹjọ́ Ìyágankú."

Ó rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó lọ sídìí ẹ̀rọ. Omi ti lọ lánàá kí garawá ìjọ tó kún tán, gbogbo wọn ṣì wà lórí ìlà. Ti ìjọ ló kọ́kọ́ gé, nítorí ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ó gé méjèèjìlá, ó wá bọ́ sórí ti àwọn ará ilé. Ìyá ìjọ tí ẹsẹ̀ ń ro figbe ta.

"Ṣùmbọ̀! Ṣé orí rẹ pé? Nǹkan Ọlọ́run lò ń gé yẹn!"

"Ẹ má bínú, mà. Nǹkan tí mò ń gbá kúrò nílẹ̀ yàrá mi ni. Èmi ni mo so ó, èmi náà ni mò ń tú u."

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ garawá Ìyá Ìṣẹ́yìn, kò lo sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ ló fi tú u, ó ká a, ó sì gba ìborùn náà lọ́wọ́ wọn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti rán an padà síbi tí wọ́n ti ya á, tí ẹ kò fi ní mọ ojú ibẹ̀. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn tí kò ti rán ohun tí kì í ṣe sùtánà.

Wòlíì ránṣẹ́ pè é. Ó bá wọn nínú ilé ìsìn, ó kúnlẹ̀.

"Wọ́n ní o gé aṣọ kúrò lára garawá Ilé Ọlọ́run."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Wòlíì. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká má gba káàdì. Aṣọ yẹn ti di káàdì mọ́ mi lọ́wọ́. A ti ru omi odò rí, sà. A ò gbọdọ̀ rán ẹlòmíì lọ síbẹ̀."

"Máa lọ sílé," ni Wòlíì wí.

Lọ́jọ́rú, wọ́n rán èèyàn wá kó aṣọ ẹgbẹ́ akọrin. Ọláṣùmbọ̀ di gbogbo rẹ̀ fún un, àti èyí tó ti gé àti èyí tí kò tíì gé. Nígbà tí onítọ̀hún lọ tán, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó fi epo sí màṣíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ó yà á lẹ́nu pé oúnjẹ wọ̀ ọ́ lọ́fun lálẹ́ ọjọ́ náà ju bó ti ń wọ̀ ọ́ lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ìlà ti gùn kó tó ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ìgbà tí oòrùn ti yọ ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wòlíì Adéróunmú ni wọ́n ń bọ̀, láìwọ bàtà, nínú sùtánà tí Ọláṣùmbọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún wọn lọ́dún tó kọjá. Garawá kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání. Àwọn ọmọ ìjọ ti ń fa garawá tiwọn sẹ́yìn láti fún wọn láyè. Wòlíì kò wò wọ́n.

"Ta ló kẹ́yìn?" ni wọ́n béèrè.

"Èmi ni, Wòlíì," ni Ìyá Ìṣẹ́yìn dáhùn. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn mi."

Wòlíì bọ́ sẹ́yìn wọn. Ìlà ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó kan Ìyá Ìṣẹ́yìn, wọ́n pọn garawá, wọ́n pọn búta. Wòlíì gbé garawá tiwọn sábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi sì lọ.

Gbogbo ojú yí sí Ọláṣùmbọ̀. Àgbá omi kan kún dẹ́nu nínú ilé rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré sí ibi tó dúró sí. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Wòlíì. Omi ti lọ. Ẹ fi garawá yín sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ pọn lọ́la."

"Wọn ò ní yẹ̀ ẹ́?"

"Wọn ò ní yẹ̀ ẹ́, sà."

Wòlíì mi orí, wọ́n sì lọ lọ́wọ́ òfo.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta mọ́, Ọláṣùmbọ̀ kò tíì bọ́jú tán tó fi gbọ́ tí ẹnìkan sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìdì aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ni, bó ṣe dì í gẹ́lẹ́. Wòlíì ti rékọjá lọ sídìí ẹ̀rọ. Garawá bí ogójì ló ti tò síbẹ̀, ti ọmọ ìjọ, ti Mùsùlùmí, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti ti ẹni tí wọn kò mọ̀. Wòlíì dúró, wọ́n ń wo garawá tiwọn. Òun ló wà níwájú gbogbo wọn, lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n fi í sí lánàá. Kò sí aṣọ funfun kankan lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́.