Ẹyin Méjì Lójú Fèrèsé Mọ́mì

Òórùn kòkó tútù ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Wọ́n máa ń sá a sétí títì ní Òjòwò, àdúgbò wa, bí oòrùn bá sì ti ta sí i, òórùn kíkan yẹn á wọlé bá wa. Àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń rùn báyìí ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, pè mí sẹ́yìn ilé, ó na ìka sókè sí fèrèsé yàrá Mọ́mì. Àdàbà kan jókòó sáàárín gíláàsì lúfà àti irin tí wọ́n fi dí fèrèsé nítorí olè. Igi gbígbẹ díẹ̀ ló fi ṣe ìtẹ́, èèyàn tilẹ̀ lè rí ojú ọ̀run láàárín wọn.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Mọ́mì lóyún. Oyún tó ní ṣáájú èyí ti bọ́, ilé wa kò sì tíì gbàgbé. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tíì ra aṣọ ọmọ kankan sílé.

Ìyá Múrí, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ fi ẹyẹ náà ṣe yẹ̀yẹ́. "Màmá, ayálégbé yín ti kó dé o! Kò tiẹ̀ kí onílé." Ìgbà tó rẹ́rìn-ín tán ló wá sọ pé nínú ẹ̀sìn tàwọn, àdàbà ló yé ẹyin sẹ́nu ihò tí Ànábì farapamọ́ sí, tí àwọn ọ̀tá fi yà kúrò níbẹ̀. Dádì, tó jẹ́ olùkọ́, tó sì máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní òótọ́ ni pé Ẹ̀mí Mímọ́ sọ̀kalẹ̀ bí àdàbà, ṣùgbọ́n èyí tó wà lójú fèrèsé wa, ibi tí ológbò kò ti ní lè dé ló ń wá. Màmá Àgbà kò bá wọn jiyàn. Ó gun àpótí, ó wò ó, ó sọ̀kalẹ̀. "Ẹyin méjì ni. Ìyá kan, ọmọ kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣí fèrèsé yẹn mọ́ títí ẹyin yẹn á fi di ọmọ."

Láti ọjọ́ náà, Màmá á gun àpótí láràárọ̀, á sì lọ bá Mọ́mì nínú yàrá: "Méjèèjì wà níbẹ̀." Mọ́mì á rẹ́rìn-ín músẹ́, á gbé ọwọ́ lé ikùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń tù ú lára, mo ń rí i.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ooru mú gidigidi. Mọ́mì sùn, òógùn bo ọrùn rẹ̀, ìrọ̀rí rẹ̀ tutù rin. Mo fi ìwé iléèwé mi fẹ́ ẹ títí apá fi ro mí. Mo wá rò ó pé tí mo bá ṣí lúfà náà díẹ̀, díẹ̀ péré, atẹ́gùn á wọlé, ẹyẹ kò sì ní mọ̀. Mo fa ọwọ́ irin rẹ̀. Ó ti há tẹ́lẹ̀, ó wá ṣí lójijì. Ẹyẹ náà fò lọ. Mo gbọ́ ìró kékeré kan nísàlẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá fi èékánná kan tábìlì.

Mo ti lúfà náà padà, mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Ẹyin kan ti fọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo wá jókòó sẹ́yìn táǹkì omi, mo ń sunkún láìpariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, kò sì sẹ́ni tí mo lè bi: èwo ni mo fọ́, ti ìyá ni àbí ti ọmọ?

Lọ́jọ́ kejì, kí a tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá gun àpótí rẹ̀. Ó pẹ́ lórí ẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo tẹ̀lé e wọ yàrá. "Méjèèjì wà níbẹ̀," ló wí. Mo rò pé ojú Màmá ti ń di bàìbàì ni. Ní ọjọ́ yẹn náà ló ní kí n máa wá sùn lórí ẹní òun, pé ẹsẹ̀ ń dun òun, kí n máa bá òun tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́rú ni wọ́n gbé Mọ́mì lọ sọ́sibítù. Nígbà tí Dádì dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ni mo ti pàdé ẹ̀.

"Dádì, èwo ló kù?"

"Èwo ni èwo ló kù? Méjèèjì wà dáadáa. O ti ní àbúrò ọkùnrin."

N kò gbà á gbọ́. "Méjèèjì" yẹn gan-an ni mo ti ń gbọ́ lẹ́nu Màmá, mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Mọ́mì gbé ọmọ náà wálé, tí mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì fà á sẹ́yìn, ni mo tó mí kanlẹ̀.

Mo padà kọ́ nípa ẹranko àti ẹyẹ ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹyin méjì ni àdàbà sábà máa ń yé, ì báà jẹ́ lójú fèrèsé aláboyún tàbí ti ẹni tí kò bímọ rí. Ẹyin kan fọ́, ẹnikẹ́ni kò kú. N kò lè sọ pé ìyẹn nìkan fi hàn pé ẹyẹ kì í jẹ́ iṣẹ́, torí ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ká ní ọ̀kan nínú Mọ́mì àti àbúrò mi kú ni, ǹ bá gbà pé àmì ni títí dòní, kò sì sí ìwé tí ì bá yí mi lọ́kàn padà.

Lọ́dún tí mo ṣe ìdánwò àṣekágbá, mo jẹ́wọ́ fún Màmá. Ó ń já ewé ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò dáwọ́ dúró.

"Iyẹ̀pẹ̀ tó o bù sí i ò pọ̀ tó, Àǹkẹ́. Eèrà ti bò ó kílẹ̀ tó mọ́. Èmi ni mo fọ ibẹ̀."

"Ẹ mọ̀, Màmá? Àmì tẹ́ ẹ sọ wá ńkọ́? Ìyá kan, ọmọ kan?"

"Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́sẹ̀ yẹn ju tìẹ lọ. Àmọ́ ẹyin ti fọ́, ọmọ kan sì ń sunkún lẹ́yìn táǹkì. Èwo ni kí n mójú tó?"

Lóṣù tó kọjá, àdàbà kan kó igi wá sójú fèrèsé yàrá tí mo gbà, ó sì yé ẹyin méjì. N kò mọ̀ bóyá ó túmọ̀ sí nǹkan kan. Mo ṣáà ti lúfà náà pa, mo ń sùn nínú ooru. Màmá kì í lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́ báyìí, ṣùgbọ́n ó máa ń béèrè ẹyin náà lórí fóònù, mo sì máa ń dá a lóhùn pé méjèèjì wà níbẹ̀. Títí di àná, òótọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó jókòó sẹ́yìn táǹkì ì bá fẹ́ mọ ohun tí n óò sọ tí kò bá jẹ́ òótọ́ mọ́ lọ́la. Ohun kan náà ni n óò sọ.